Òkè Kékeré Tó Ń Yọ Lójú Ẹ̀rọ Vizma

Àtùpà tí kò ní wáyà nínú ló kọ́kọ́ mú Vizma dé ilé iṣẹ́ náà ní Rīga. Ọmọ yunifásítì ni nígbà yẹn. Màmá Zigrīda, àgbà láàárín àwọn tó ń ṣe àtùpà, fi gílóòbù kan hàn án tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ti fi ẹ̀rún irin kan sínú rẹ̀ kí wọ́n tó dì í pa. Màmá tì í bọ àárín wáyà tí wọ́n ká roboto, ó tan iná, háà! Gílóòbù náà tàn yòò bí ewé tútù, bẹ́ẹ̀ ni wáyà kankan ò kàn án.

"Irin tálíọ̀mù nìyẹn," ni màmá wí. "Irin kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Kò mọ irọ́ pa."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Vizma lára. Bí irin bá lè fi àwọ̀ pe orúkọ ara rẹ̀, kí ni àwọn nǹkan tó kù ń sọ tí ojú wa ò rí? Bó ṣe fi ìdí àtùpà sílẹ̀ nìyẹn, tó bọ́ sídìí ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìtànṣán olóró tí ojú kò lè rí, nínú yàrá kan náà, ní tábìlì òdìkejì. Màmá Zigrīda ò sì yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó òjé" ló ń pè é, torí òjé ni wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ náà.

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún tí Latvia ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tirẹ̀, Vizma parí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo àwòrán rẹ̀. Etí ẹ̀rọ náà mú! Àfi pé bí wọ́n bá tàn án láìgbé ohunkóhun síwájú rẹ̀, òkè kékeré kan á yọ ṣóńṣó lórí ìlà tó ń fà lójú rẹ̀, níbi tí sísíọ̀mù, irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde, máa ń yọ sí gan-an. Sísíọ̀mù tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò sì wà ní títì pa nínú ilé mìíràn.

"Ẹ̀rọ rẹ dọ̀tí, Vizma," ni ọ̀gá wọn, Ilgvars, sọ. "Irin tí o lò ló ní àbààwọ́n. Ẹ̀rọ àtijọ́ wà níbí, kò rí nǹkan kan."

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ àtijọ́ ti di adití ni."

"Adití tó mọ́ tónítóní sàn fún mi. Àwọn ará Finland tó fẹ́ ra ẹ̀rọ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí òkè yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, èyí àtijọ́ la máa fi hàn wọ́n, tìrẹ á wọnú àpótí."

Vizma nu ẹ̀rọ, ó pààrọ̀ irin ara rẹ̀, òkè ò kúrò. Ó ku ọ̀la kí àlejò dé, ó sún tábìlì tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀ kó lè gbálẹ̀, ló bá rí i pé òkè náà ti rẹlẹ̀. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ni ìdọ̀tí wà, ṣebí ibi tí ẹ̀rọ bá lọ ló máa bá a lọ! Ó fi òjé ká ẹ̀rọ mọ́, ó fi ẹnu kan sílẹ̀, ó wá ń yí ẹnu náà kiri. Ojú fèrèsé: kò sí. Ẹnu ọ̀nà: kò sí. Ìdí àtùpà: òkè gbéra!

"Màmá, kí lẹ fi sínú àtùpà yín?"

"Ohun tí mo ti ń fi sí i kí wọ́n tó bí ọ ni. Gbé ẹnu ìbọn rẹ kúrò lára mi!"

Vizma gbójú sókè. Lórí àpótí tó ń fún àtùpà níná, tó máa ń gbóná wọ́ọ́rọ́wọ́, olú tí wọ́n sín sókùn ló tò síbẹ̀. Ta ni ì bá fura? Bí òjò ìwọ́wé bá ti dé, gbogbo ìlú á wọgbó lọ ṣa olú lópin ọ̀sẹ̀. Inú ilé tutù nini, torí ìjọba ò tíì ṣí omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru sínú páìpù. Orí àpótí yẹn ni gbogbo wọn ti ń gbẹ olú. Vizma pàápàá gbẹ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ó mú okùn kan wá síwájú ẹ̀rọ. Òkè ta sókè fíìrí.

"Olú yín ni, màmá! Eruku olóró tó bọ́ sínú igbó nígbà tí ilé iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù, olú ṣì ń fà á látinú ilẹ̀."

Màmá Zigrīda jókòó wọ̀ọ̀. "Ṣé májèlé ni mo ti ń sè fún àwọn ọmọ ọmọ mi?"

Vizma wọn olú náà, ó ṣírò, ó tún un ṣírò. "Ó kéré gan-an, màmá. Ẹ lè jẹ ẹ́. Etí ẹ̀rọ yìí ló kàn mú jù."

"O wí bẹ́ẹ̀? Màá sè é báyìí, ìwọ lo máa kọ́kọ́ jẹ."

Ó sè é lóòótọ́, ó bu wàrà kíkan lé e. Vizma fi búrẹ́dì dúdú nu àwo náà mọ́.

Nígbà tí Ilgvars gbọ́, tó rí i pé òkè náà ń lọ bí wọ́n bá gbé olú jìnnà, ó ní kí wọ́n kó gbogbo olú jáde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi okùn kan sílẹ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Vizma fi ojú ẹ̀rọ tó tẹ́jú han àwọn àlejò, lẹ́yìn náà ló gbé olú síwájú rẹ̀. Òkè yọ. Àgbà nínú wọn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún wò.

"Ọmọ mi," ló wí, "apẹ̀rẹ̀ olú kan wà nínú ọkọ̀ mi, ìyàwó mi ló dì í fún mi. Ṣé o lè bá mi wò ó?"

Ilgvars ti ń fa àga fún un.