Ọkọ̀ Adọ̀bálẹ̀

Mo ní ọkọ̀ pupa kan tí wọ́n ṣe ní Ítálì nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń kọ́ ABD. Ìjókòó méjì péré ló ní, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé orúnkún àwọn èèyàn ni mo máa ń wò tí mo bá ń wà á. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi ní Ìbàdàn sọ pé ọkọ̀ eléré-ìje ni. Kò purọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwa méjèèjì ti ń sáré, èmi ń sá tẹ̀lé mẹkáníìkì, òun ń sá lọ sí ìparun.

Nọ́ńbà márùn-ún péré ni mítà tó ń ka ìrìn rẹ̀ lè gbà. Ó ti kà dé òpin lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti padà sí òdo, kí n tó rà á. Nígbà tó padà sí òdo lẹ́ẹ̀kẹta lọ́wọ́ mi, lọ́nà Ìkọ̀lé, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn pé, "Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun."

Ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni ní Ọ̀yẹ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n a wá jíìpù gíga kan gùn, kí orí rẹ̀ lè sún mọ́ ọ̀run díẹ̀. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn gbé ara wọn ga, èmi gbé ara mi sílẹ̀, mo sì ń fi ìyẹn ṣe ìgbéraga tèmi.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gùn ún, òun náà sì ń fojú mi rí màbo. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta ni mẹkáníìkì mi ní Ìkọ̀lé gé tó fi so ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kò ṣeé yí sílẹ̀. Kabúrétọ̀ rẹ̀ ló burú jù. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré pẹ́nrẹ́n, ó kú nìyẹn. Kò ní jí mọ́ àfi tó bá tutù tàbí kí èèyàn tì í.

Ìlú wa ni Ìrè, níbi tí ìyá mi ń gbé nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú. Ní Ìrè, ẹni tó bá kọjá lára òṣìṣẹ́ láìkí i pé ó kú iṣẹ́, wọ́n á máa fi sọ̀rọ̀ títí dé ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Èmi ò lè dúró nítorí kabúrétọ̀, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ nítorí gíláàsì, ni mo bá ń fọn fèrè ọkọ̀ kí wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí sí ìpàdé ẹbí.

Olórí ẹbí wa jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò tíì fẹ̀yìn ti bíbá èèyàn wí. "Dọ́kítà ìwé" ló máa ń pè mí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí mú fún dọ́kítà tó wúlò.

"Dọ́kítà ìwé, ṣé fèrè lẹ fi ń kí bàbá yín ní yunifásítì?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkọ̀ náà ni kì í dúró."

"Ọkọ̀ náà mọ̀wà jù ọ́ lọ. Òun dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ìlú láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwọ tó wà nínú rẹ̀ ni ò kí èèyàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ náà ni ọkọ̀ mi di Adọ̀bálẹ̀ ní Ìrè.

Ó di Sátidé ìmọ́tótó kan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kankan kì í rìn kó tó di aago mẹ́wàá. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ lójú gọ́tà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní ìrìn ọjà ló fà á. Ní àárọ̀ yẹn mo bá a lórí àga, tó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ru iṣu gun òkè. Kò lè sọ gbólóhùn kan tán. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Mo pe onítakisí kan tí mo mọ̀.

"Ọ̀gá, ìmọ́tótó ni o. Wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ó di aago mẹ́wàá."

Aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ilé ìwòsàn ńlá tó lè gbà á là, Ìdó ló wà.

Gbígbé àgbàlagbà sínú Adọ̀bálẹ̀ dà bí gbígbé e sọ̀ sínú kòtò. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn bí àga onígbàjámọ̀, kò sì ṣeé gbé dìde. Mo di ìyá mi mú léjìká, mo rọra tẹ́ ẹ sẹ́yìn.

"Ẹ fẹ̀yìn tì, Ìyá. Ẹ sinmi."

Ó fẹ̀yìn tì. Bí mo ṣe wa ọkọ̀ jáde sí títì ló tún dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, ó sì yọ orí jáde lójú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tó ṣeé ṣí. Gbogbo àdúgbò ló wà lójú gọ́tà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì.

"Ẹ kú... uṣẹ́ o."

"Oo! Ìyá Dọ́kítà, ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́. Ará... ulé ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ fẹ̀yìn tì."

"Wọ́n á ní... ọmọ mi... ò kí wọn."

Mo nawọ́ ọ̀tún, mo fà á sẹ́yìn. Ó tún dìde. Mo tún fà á. Mo fi orúkọ bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Báyìí la ṣe ń jà títí olórí ẹbí fi bọ́ sí àárín títì níwájú mi, tó gbé réèkì sókè bí ọ̀pá àṣẹ. Mo fọn fèrè. Kò yẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kúrò lórí iná, Adọ̀bálẹ̀ kú.

Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì mi. Mò ń wo ẹnu rẹ̀ tó ń bá mi wí, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Mi ò dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ìyá mi ń kú lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀. Réèkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn! Ẹ sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀! Ẹ wá tì í!"

Wọ́n sáré dé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n máa dì mú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà yọ̀, ó sì kúrú. Kí ọwọ́ wọn tó lè dì í mú, àfi kí wọ́n tẹ̀ ba délẹ̀. Mo ń wò wọ́n nínú dígí, àwọn bàbá tó bá bàbá mi tan, ẹrẹ̀ gọ́tà dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Wọ́n tún tì í dé ibi tí títì ti dà gẹ̀rẹ́. Ó jí. Mo lọ láìdúró dúpẹ́.

Mi ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná mọ́, nínú kòtò tàbí lórí òkè. Títì dá páropáro. Títí a fi dé Ọ̀yẹ́ ni ìyá mi ń gbìyànjú àtidìde, tí mo sì ń fà á sẹ́yìn. Nígbà tí a kọjá Ọ̀yẹ́, kò jà mọ́. Ó sùn sẹ́yìn bí mo ṣe fẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nígbẹ̀yìn.

Ní Ìdó, ọkọ̀ náà kú ní ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn pàjáwìrì gan-an. Wọ́n gbé ìyá mi wọlé. Dọ́kítà obìnrin kan, ọ̀dọ́, fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀.

"Báwo ni Màmá ṣe jókòó bọ̀, sà?"

"Wọ́n fẹ̀yìn tì." Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe àga náà fún un. "Èmi ni mo ní kí wọ́n sùn sẹ́yìn."

"Omi ló kún inú àyà wọn. Ẹni tí èyí bá ń ṣe, tí ẹ bá tẹ́ ẹ sẹ́yìn, bí ìgbà tí ẹ tẹ orí rẹ̀ bọ odò ni. Ẹ gbé wọn dìde."

Kò fi bá mi wí. Ó ti kọjú sí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Oyè ìwé mẹ́ta ni mo ní, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún mi pé kì í ṣe ìkíni ló gbé ìyá mi lọ sí ojú fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ló ń wá. Èyí tó bá rí, ó ń fi kí èèyàn nítorí mi.

Nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ bàtà, kí n gun bẹ́ẹ̀dì, kí n jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí n fi àyà gbé e ró. "Ẹ má mira rárá, sà." Ẹ̀yìn ìyá mi wà láyà mi. Mò ń gbọ́ omi náà bó ṣe ń hó nínú rẹ̀. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi ìbòmú afẹ́fẹ́ bò ó. Ẹsẹ̀ mi kú, mi ò mira. Mi ò mọ iye àkókò tí a fi wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kan pariwo láti ìta. "Ta ló ni ọkọ̀ pupa tó dínà yìí o? Olówó ọkọ̀ pupa!"

"Wọ́n ń pè ọ́," ni ìyá mi wí lábẹ́ ìbòmú. Èémí kan ṣoṣo ló fi sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Dá wọn lóhùn."

Ẹ̀ṣọ́ náà tún ké. Ó ní tí olówó rẹ̀ ò bá yọjú, àwọn á wọ́ ọ dà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo fi apá méjèèjì gbá ìyá mi mọ́ra, mo sì pa ẹnu mi mọ́.