Páálí Oúnjẹ Ọmọ Tó Lé Wa Kúrò Ní Pálọ̀

Ìwàásù ló kó bá wa. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, nígbà tí ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó, pásítọ̀ wa níbí nílùú òyìnbó sọ̀rọ̀ nípa Jósẹ́fù tó kó ọkà pamọ́ ní Íjíbítì kí ìyàn tó dé. Ó ní ọlọ́gbọ́n kì í dúró kí nǹkan wọ́n kó tó lọ sọ́jà. Èmi ṣe àmín, ọkàn mi sì ti wà lọ́dọ̀ ìrẹsì tí mo fi sílẹ̀ nínú fíríìjì. Àṣé ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún.

Lọ́jọ́ kejì, ó wa ọkọ̀ tó fi ń kó ẹrù kiri fún àwọn oníbàárà lọ sí Nathan Way. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ọmọ ní páálí páálí. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé láti Plumstead, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, páálí ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, páálí ní pálọ̀, páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣàlàyé fún mi pé rírà lẹ́yọ-lẹ́yọ ní súpámákẹ́ẹ̀tì Thamesmead ló ń sọ èèyàn di tálákà. Mo bi í léèrè bóyá ọmọ tí a torí rẹ̀ rà á ti tọ́ ọ wò. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ìyàwó Pọ́tífárì.

Inú ọ̀rá kékeré onídèérí ni oúnjẹ náà wà: ti kárọ́ọ̀tì, ti píà, àti ti gbòǹgbò funfun kan tí òyìnbó ń pè ní páásínípù. Bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ló bu àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ náà rò ó díẹ̀, ó fi ahọ́n tì í jáde, ó sì fẹ́ ìyókù sí bàbá rẹ̀ láyà. A gbé e wá ní gbígbóná, kò jẹ ẹ́. A gbé e wá ní tútù, kò jẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ kọrin, ó fi ṣíbí ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ẹnu sì wà ní dídì pinpin. Ògì tí mo pò fún ara mi ló ń nawọ́ sí. Ilé ìkẹ́rùsí náà sì ti sọ pé àwọn kì í gba oúnjẹ padà. Bí àlejò bá dé, orí páálí kárọ́ọ̀tì ni a ń fi í jókòó sí.

Báyìí ni ilé wa rí nígbà tí ìyá ọkọ mi dé láti Ìkìrun láti wá wo ọmọ. Abọ́ àti ìkòkò ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tà, wọ́n máa ń fi wọ́n pààrọ̀ aṣọ àlòkù láti ilé dé ilé. Wọ́n wo páálí yíká, inú wọn dùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún ọmọ wọn pé ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi ń wo bàtà rẹ̀. Èmi ni mo sọ òótọ́ fún wọn, pé oúnjẹ ọmọ-ọmọ wọn ni, kò sì jẹ ẹ́.

Wọ́n ní kí n ṣí ọ̀kan. Ti páásínípù ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé e mì pẹ̀lú ìpọ́njú, wọ́n sì mu omi lé e.

“Ọmọ yìí ní làákàyè,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá yíjú sí ọkọ mi. “Ọmọ mi, Jósẹ́fù mọ̀ pé àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ọkà.”

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tún páálí tò. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, àmọ́ mo ní láti sá wọ ilé ìdáná kí ó má baà rí mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, a sì wọ bọ́ọ̀sì. Màmá pọn ọmọ, wọ́n sì to páálí kún inú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Dírẹ́bà ní kí wọ́n ká kẹ̀kẹ́ náà nítorí kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Màmá kò gbọ́ òyìnbó rẹ̀. Wọ́n dáhùn pé, “Yẹ́sà,” wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì jókòó.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Kí àdúrà ìkẹyìn tó parí, Màmá ti dìde. Nígbà tí a jáde, wọ́n ti to ọjà sórí tábìlì ìwé orin lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì mí, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó o kúrò. Wọn kò tilẹ̀ wò mí. Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

“Kí ló kù sílé tí ọmọ rẹ ò lò?” ni wọ́n bi í.

Arábìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìwàásù Jósẹ́fù, òun ra wáìpù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ, páálí rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn yàrá òun ṣí mọ́. Ẹlòmíràn gbọ́, ó ní páńpásì ni tòun, ọmọ òun sì ti tóbi jù ú lọ kó tó lò ó dé ìdajì. Ìkẹta ní mílíìkì ni. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Gbogbo wa la ti di Jósẹ́fù, olúkúlùkù pẹ̀lú yàrá tirẹ̀ ní Íjíbítì.

Àwọn tí ilé wọn kò jìnnà sáré lọ gbé tiwọn wá. Màmá ń dá iye kárọ́ọ̀tì tí wọn yóò fi pààrọ̀ páńpásì, ẹni tó bá ṣagídí, wọ́n á fi ọmọ tí wọ́n pọ̀n hàn án, wọ́n á ní ẹ wo ara rẹ̀ bó ṣe ń dán. Ògì ló mú ara rẹ̀ dán, àmọ́ kò sí ẹni tó bi mí.

Bẹ́ẹ̀ ni pásítọ̀ jáde. Ariwo rọlẹ̀. Mo rò pé yóò dojú tábìlì dé bí Olúwa ṣe ṣe nínú tẹ́ńpìlì. Ó wo ọjà, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti wà lórí ìlà pẹ̀lú agolo mílíìkì lọ́wọ́, ó sì súnmọ́ Màmá.

“Mummy,” ó wí jẹ́jẹ́, “ṣé ti píà ṣì kù?”

A gbé wáìpù padà délé, àti páńpásì tó bá ọmọ wa mu. Páásínípù nìkan ni kò rí ẹni gbà á. Ọkọ mi sọ pé òun ni òun rà á, òun ni yóò parí ẹ̀. Ó ń fi í jẹ búrẹ́dì nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, kò ráhùn rí. Lẹ́yìn tí Màmá padà sí Ìkìrun, àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣì ń dá mi dúró lójú ọ̀nà ní Woolwich láti bèèrè ìgbà tí wọn yóò tún wá. Ọkọ mi náà ṣì ń ra nǹkan ní páálí. Ó kàn ń mú ẹyọ kan wálé ná, kí ọmọ tọ́ ọ wò.