Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Bàbá Ẹ-Sọdá

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé wá fòpin sí ìjiyàn nínú kíláàsì Bàbá Ẹ-Sọdá, ọjọ́ náà gan-an ni alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ bọ́ kóòtù, tó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, tó sì ń jiyàn kíkankíkan. Kò sẹ́ni tó gba ilé-ìwé yẹn kọjá tí kò mọ ìtàn náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ yẹ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wò dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹgba ló fà á. Àwọn ọmọ ń jiyàn bóyá ó yẹ kí olùkọ́ máa na akẹ́kọ̀ọ́, òbí kan sì ti lọ fẹjọ́ sùn pé tíṣà yìí ń kọ́ ọmọ òun ní ẹnu líle. Alábẹ̀wò wọlé, ó kí àwọn ọmọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìṣirò ni kí ẹ máa kọ́ wọn."

"Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá," ni bàbá dáhùn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ìlà funfun tó la ilẹ̀ kíláàsì sí méjì. "Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Èmi á bá yín sọ ọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi sọ tèmi. Ẹ sọdá."

Ọmọlúàbí ni alábẹ̀wò. Kó tó rò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà ní òdìkejì. Ó kọ́kọ́ ń kólòlò, ó ní, ó dà bíi pé, àbí, àwọn ọmọ náà ní ẹnu. Ṣùgbọ́n bàbá ti gbé ọ̀rọ̀ alábẹ̀wò gbóná. Ó ní ọmọdé ò mọ nǹkan kan, ó ní ìjiyàn ń sọ ọmọ di aláìgbọràn, ó ní kí wọ́n ti kíláàsì náà pa pátápátá. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí alábẹ̀wò. "Rárá o, bàbá! Bí wọn ò bá jiyàn níbí tí àgbàlagbà ti ń ṣọ́ wọn, ṣé títì ni kí wọ́n ti lọ jà á?" Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Kóòtù bọ́. Kí aago tó lù, alábẹ̀wò ti ń bẹ bàbá pé kó jọ̀ọ́, kó má dá ìjiyàn náà dúró.

Ẹni tó ń rántí ìtàn yìí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tó ń dá rẹ́rìn-ín lórí àga bàbá, ni tíṣà obìnrin tí wọ́n fún ní kíláàsì náà lẹ́yìn tí bàbá kú. Akẹ́kọ̀ọ́ bàbá lòun náà nígbà kan. Tíṣà Kékeré ni bàbá ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga ju bàbá lọ. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, torí àwọn ọmọ máa tó wọlé.

Ìjọba fẹ́ fẹ títì iwájú ilé-ìwé, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ilé tó máa wó. Ilé ìyá àgbà ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláròyé wà lára wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ńkọ́? Orí títì tóóró yẹn ni mọ́tò ti gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kan ní olè ni ìjọba, èkejì ní kí wọ́n tètè wó gbogbo ilé náà dànù. Bí wọ́n ṣe fa àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyẹn, tí kíláàsì sì pín sí méjì lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé ti kìlọ̀: "Tíṣà, ẹ má dá ọ̀rọ̀ títì sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Tíṣà Kékeré mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, àwọn ọmọ méjèèjì kò ní í sọ̀rọ̀ síra wọn mọ́. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá ṣì í ṣe, ọ̀rọ̀ náà á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Òfin bàbá kò pọ̀. O kò gbọdọ̀ tako ẹnikẹ́ni títí o ó fi sọdá ìlà, tí o ó sì bá a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ débi tí òun fúnra rẹ̀ á fi ní, "O gbọ́ mi." Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ lo máa dúró sí. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tán.

Ibi tí bàbá fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kíláàsì kankan, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ ọ títí, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo irú ìwé ìròyìn tó ń kà. Ó ń ka gbogbo rẹ̀! Níkẹyìn wọ́n lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé. "Màmá, ẹ̀yìn ta ni bàbá wà lórí ọ̀rọ̀ ẹgba?" Màmá mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ tó bá sọ fún mi, mo máa ránṣẹ́ pè yín."

Màmá náà rí nǹkan. Ó fẹ́ ra ajá, bàbá ní ajá ò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Bàbá fa ìlà sí pálọ̀, wọ́n sọdá. Màmá sọ pé ajá ń dọ̀tí ilé. Bàbá gbèjà ajá, ó ní ajá ń ṣọ́ ilé, ajá ń ṣọ́ ọmọ, ajá kì í parọ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ọ́. Ajá méjì ni wọ́n rà. Títí bàbá fi kú, àwọn méjèèjì ń gbó o bíi pé olè ló wọlé. "Èmi tí mo gbèjà yín!" ni bàbá máa ń pariwo láti ẹnu géètì.

Nílé ìwòsàn, ó fẹ́ bá nọ́ọ̀sì jiyàn nítorí abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì yẹn ti ṣe kíláàsì rẹ̀ rí. "Bàbá," ló wí, "ẹ sọdá sórí bẹ́ẹ̀dì."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí ìlà náà kò ṣiṣẹ́, Tíṣà Kékeré ló sì mọ̀ ọ́n jù. Ọmọdé ni nígbà náà, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan ló ń gbé, torí ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè. Ìjiyàn ọjọ́ náà ni bóyá ó yẹ kí òbí fi ọmọ sílẹ̀ lọ wáṣẹ́. Ó ní kò yẹ. Bàbá ní, "Sọdá." Ó sọdá, ó la ẹnu, ẹkún ló jáde.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá dúró níwájú gbogbo kíláàsì. "Mo ṣe àṣìṣe lánàá," ló wí. "Ibi tó ń dun ọmọ yìí ni mo tẹ̀. Ọmọ mi, má bínú." Àgbàlagbà, tó ń bẹ ọmọdé! Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrìkìtì kan sí ìkángun ìlà náà. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn lè dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè. Ó wọ inú rẹ̀ láti dán an wò. Ikùn rẹ̀ yọ síta. Ó pa á rẹ́, ó fa èyí tó tóbi.

Àwọn ọmọ wọlé. Aláròyé jókòó sápá kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sápá kejì. Tíṣà Kékeré mú ṣọ́ọ̀kì. Ìlà àtijọ́ ṣì hàn fírífírí lára sìmẹ́ńtì, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó sì fa òbìrìkìtì náà pẹ̀lú. "Ọ̀rọ̀ títì," ló wí. "Ibi tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sọdá."

Aláròyé dìde, ó sọdá. "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn eré sísá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, bíi pé òun ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Títì yẹn tóóró, kò ríbi yà sí. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́, kò ní í ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì." Ó yíjú. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Ó kù díẹ̀," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. "Èmi ni mo ní kó bá mi ra bisikíìtì lọ́jọ́ náà."

Aláròyé, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, sọ ẹyọ gbólóhùn kan péré. Ó ní, "Bisikíìtì mi ló lọ rà."

"O gbọ́ mi."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà sọdá. "Ìyá àgbà mi ò ríran mọ́. Inú ilé yẹn nìkan ló ti mọ ibi tí ògiri wà. Bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíì, kò ní í lè dá omi bù mu."

"O gbọ́ mi," ni Aláròyé wí, ó sì ń nu imú.

Ọ̀gá ilé-ìwé ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń fa ojú ro. Kí ó tó sọ nǹkan kan, gbogbo kíláàsì kígbe pọ̀: "Ọ̀gá, ẹ sọdá!" Kíá ni obìnrin náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wà nílé-ìwé náà nígbà tí alábẹ̀wò bọ́ kóòtù.

Wọn kò yanjú ọ̀rọ̀ títì. Kíláàsì ò lè yanjú ọ̀rọ̀ títì. Ṣùgbọ́n àga méjì ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà tí ọmọ kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Tíṣà, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yìn ta lẹ wà?"

Tíṣà Kékeré rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ dáhùn bí bàbá ṣe máa ń dáhùn, pé ẹ̀yìn tábìlì lòun wà, ni omi bá dé sí i lójú. Ó rìn lọ sínú òbìrìkìtì, ó dúró síbẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣé o," ló wí.

Àwọn ọmọ mọ òfin, kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan. Aláròyé fi ìka lé ètè kí gbogbo ayé lè dákẹ́, ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì lọ dúró tì í. Àyè gbà wọ́n dáadáa, torí ikùn bàbá ni wọ́n fi wọn òbìrìkìtì náà.