Ẹlòmíràn Ni Yóò Tún Un Wọ̀n

Àgbàdo àti ẹ̀wà ni mo ń tà ní Pàràkú, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti ìgbà ọmọge. Ẹ̀gbẹ́ mi nídìí ọjà ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin dàgbà sí. Ó mọ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ kó wù ú láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́. Yunifásítì kan gbà á ní ìlú òtútù kan tó jìnnà, tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Físà ló kù.

Wọn ò fún un. Ó jókòó tì mí lórí àpò àgbàdo, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún mi: wọn ò gbà pé yóò padà wálé tó bá kàwé tán.

N kò lè bínú púpọ̀. Nígbà tí bàbá mi kó wa kúrò ní Ogbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò níbí, ó ní tí nǹkan bá ti ṣẹnuure, òun á padà. Ọdọọdún ló ń sọ ọ́. Pàràkú níbí náà la sin ín sí. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi kì í ṣe bàbá mi.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò. Tí àgbà bá fi nǹkan du ọmọ, àwọn àgbà bíi tirẹ̀ la máa ń rán sí i. Lèmọ́mù àdúgbò wa ti gbà láti bá mi wọkọ̀ lọ sí Kùtọnu, níbi tó ti fi ìwé físà rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ti ra wàrà tí a máa gbé dání. Ni mo bá sọ fún ọmọ náà.

"Màmá, ta lẹ fẹ́ bẹ̀? A ò mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, a ò mọ ojú rẹ̀."

"Ṣé kò ní ìyá ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹ wàrà yìí."

A jẹ ẹ́.

Ó wá ṣàlàyé pé ilé ẹjọ́ kan wà lọ́hùn-ún tó ń yẹ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wò. Bàbá rẹ̀, ọmọ mi, ní ta ló ń pe ìjọba lẹ́jọ́, kó lọ kàwé níbí, kí gbogbo wa sinmi. Mo ní kó jẹ́ ká gbọ́rọ̀ tán ná.

Agbẹjọ́rò obìnrin kan tó ń gbé lọ́hùn-ún bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo kí i kú òtútù. Ó ní adájọ́ ò ní fún ẹnikẹ́ni ní físà. Kò tilẹ̀ ní wo ìwé tuntun kankan. Àwọn ìwé tó wà níwájú ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀ nìkan ni yóò wò, bóyá ohun tí ẹni yẹn sọ bá wọn mu. Tí kò bá bá wọn mu, yóò dá a padà kí ẹlòmíràn tún un wò.

Ojú ọmọ-ọmọ mi fà ro, nítorí ẹlòmíràn náà lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jà wa, tí oníbàárà bá ní àwo ò kún, ẹni tó wọn ọjà náà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. A máa dà á padà sórí ẹní, obìnrin mìíràn á wá fi àwo yẹn kan náà wọ̀n ọ́n. Bó bá kún, bó dín, kálukú á gbà.

"Ọjà tiwa náà nìyẹn," ni mo sọ fún agbẹjọ́rò náà. "Ẹ pe ẹlòmíràn, kó tún un wọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Mo ní òtútù wọn ò ní jẹ́.

Ó pẹ́ kí ìdájọ́ tó dé. Ọmọ náà ń bá mi tajà, ó to pákó sábẹ́ àwọn àpò mi, ó fà wọ́n kúrò lára ògiri kí ọ̀rinrin má bà wọ́n jẹ́. Ìgbà náà dùn mọ́ mi. Nígbà tí adájọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ìdí ọjà tó ń dúró de ọmọ yìí wà nínú ìwé rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ ò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹlòmíràn wò ó, ó fún un ní físà. Bàbá rẹ̀ tó ní ká sinmi ló ń ròyìn ẹjọ́ náà káàkiri Zongo, àdúgbò wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ náà ń lọ, ó bi mí: "Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ gbà pé màá padà?"

Mo rántí bàbá mi.

"N ò mọ̀," ni mo wí. "Lọ kàwé."

Ó pè lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Kò tíì kí mi tán tó fi ń béèrè bóyá mo ti jẹ́ kí àpò kan ògiri. Mo ní rárá o. Mo sì ṣẹ́wọ́ sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó bá mi fa èyí tó kan ògiri kúrò.