Aago Márùn-ún Lórí Àjà Pùpúrú

Ọkọ mi kò mutí, kò fẹ́ràn aṣọ. Aago ọwọ́ ni tirẹ̀, àwọn olówó iyebíye tí a máa ń lọ́ láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, tí wọn kì í lo bátìrì. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló ti ń rà wọ́n ní èbúté kan sí òmíràn, títí márùn-ún fi pé nínú àpótí tí wọ́n fi àrán tẹ́ nínú. Nígbà tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, lẹ́yìn tí ọdún 1990 wọlé, ó gbé àpótí náà lé mi lọ́wọ́ nílé ìyá rẹ̀ ní Òkìtìpupa. Ó ní, “Má jẹ́ kí wọ́n kú kí n tó dé.” Èmi tí mo ti Abẹ́òkúta wá ṣe tíṣà, tí mi ò ní ẹnì kan ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ju òun àti ìyá rẹ̀ lọ, mo ní kò burú.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ìyá aago. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, màá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá fi ìka méjì mú kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, màá máa lọ́ ọ títí yóò fi le díẹ̀. Níbẹ̀ ni màá ti jáwọ́, torí ó ti kìlọ̀ fún mi pé àlọ́jù máa ń já okùn irin inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá gbé e sétí. Yàrá náà ti dákẹ́ jù látìgbà tó ti lọ, mi ò sì ní purọ́, ìró aago wọ̀nyẹn ni mo fi ń ṣe ẹnì kejì.

Kì í kọ̀wé. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí yóò fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Èmi àti ìyá á jókòó ti rédíò, ìyá á sì máa dá kásẹ́ẹ̀tì lóhùn bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀. Ó máa ń kí ìyá, ó máa ń kí mi, ọ̀rọ̀ aago ló máa ń gba ìyókù. Ó ní nígbà tí aago oníbátìrì pọ̀ lọ́jà, tí owó rẹ̀ sì di pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àwọn aṣe-aago àtijọ́ ló kógbá sílé. Àwọn tó kù bá yí ọgbọ́n dà. Wọ́n ní àwọn kò ta ohun tí a fi ń mọ àkókò mọ́, ẹ̀ṣọ́ ọwọ́ làwọn ń tà. Wọ́n fi gíláàsì sí ẹ̀yìn aago kí olówó lè máa wo bí àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ ṣe ń yí. Ọ̀dọ́ fẹ́ ojú ńlá, wọ́n ṣe ojú ńlá fún un. Àgbà fẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́, wọ́n ṣe é. Ó wá ní, “Aráyé tó sá lọ sídìí bátìrì ti ń padà.”

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà kí n lè tún ibẹ̀ gbọ́. Òun ń sọ ti aago, èmi ń gbọ́ ti ara mi. Mo ní bí aráyé bá lè padà sídìí ohun tó ń fẹ́ ọwọ́ èèyàn láràárọ̀, á jẹ́ pé ọkọ mi náà ń bọ̀.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ títí ara ògiri fi tutù. Omi bo abẹ́ gíláàsì aago márààrún, a ò rí ojú wọn mọ́. Mo fi han ìyá, mo sì gba ilé ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tí mo dé, àpótí ṣófo. Ìyá wà ní ilé ìdáná, ó ń ko iná sábẹ́ àjà tó ń yan pùpúrú sí, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n mọ roboto, tí èéfín ń gbẹ. Láàárín àwọn pùpúrú tó ti dúdú lẹ́yìn ni ó to aago ọkọ mi sí, èéfín ń gba orí wọn kọjá.

Mo figbe ta. Ìyá kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ọma mi, kí ló dé? Iná tó ń fa omi inú ẹ̀gẹ́, ṣé ti aago ni kò ní lè fà?”

Omi náà lọ lóòótọ́, àwọn aago náà kò sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú rẹ̀ funfun jù ti di àwọ̀ tíì onímílíìkì, awọ ìdè gbogbo wọn sì ń rùn fún èéfín. Mo bínú débi pé mi ò bá ìyá sọ̀rọ̀ títí ó fi gbé pùpúrú àti ọbẹ̀ marúgbó síwájú mi. Mo bu òkèlè, mo gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Aago ọlọ́lá ilẹ̀ òyìnbó àti oúnjẹ alẹ́ mi ti di ọmọ ìyá.

Àbúrò ọkọ mi, ẹni tí mò ń pè ní ọkọ mi kékeré, dé láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìyá ló ń wò bó ti ń sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun pe òun lórí fóònù. Ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, wọ́n ti bímọ, kò ní padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n náà ní kí òun wá bá a kó àwọn aago rẹ̀, torí pé irú wọn ni àwọn olówó ọ̀hún tún ń wá báyìí.

Aago ló rántí. Èmi tí mò ń lọ́ wọn, kò ránṣẹ́ pè mí. Ó dùn mí wọ eegun.

Ọkọ mi kékeré fa aago kan yọ nínú ọ̀rá. “Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ní kí n fún yín ní èyí. Oníbátìrì ni, kò ní máa yọ yín lẹ́nu láràárọ̀.”

Mi ò bá a jà, wọ́n kàn rán an ni. Mo gbé àpótí jáde, mo jókòó níwájú àwọn méjèèjì, mo lọ́ aago náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí kókó wọn fi le. Mo mọ̀ pé wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá lọ́ wọn. Wọn á ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá mú ọ̀kan nínú wọn. Kò gbé e sétí, imú ló gbé e sí, ó pẹ́ kó tó dá a padà sínú àpótí.

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Gbé e fún un. Kó gbóòórùn ilé ìyá rẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fọ ẹnu, mo ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, aago oníbátìrì ti wà lọ́wọ́ mi, ìka mi méjèèjì sì ti wà lára kókó rẹ̀ kí n tó rántí pé a kì í lọ́ ọ. Mo gbé e sétí. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ, kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi.