Mọ́tò Agolo Tó Ní Ìṣẹ́tí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ara mi díẹ̀, nítorí àwọn tó yẹ kó yìn mí ti kú tán. Láti ìgboro Ọ̀wọ̀ títí dé Ìdóàní àti Arímọgíjà, kò sí ẹni tó ń fi agolo ṣe mọ́tò ọmọdé bíi tèmi. Àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo àti fìtílà elépo ni mo ń ṣe tà jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, mọ́tò ni àwọn ọmọ ń wá béèrè. Agolo mílíìkì ni ara rẹ̀, bàtà sílípáàsì tó ti já ni táyà rẹ̀.

Etí rẹ̀ ló mú tèmi yàtọ̀. Ìyàwó mi, tó ń ránṣọ nínú ìsọ̀ kan náà, wo iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, aṣọ tí wọn ò ṣẹ́ etí rẹ̀, aṣọ ni? Kí ló dé tí agolo tiyín ò ní ìṣẹ́tí?" Inú bí mi. Ta ní ń fi aṣọ wé agolo? Ṣùgbọ́n nígbà tó kẹ́yìn sí mi, mo ṣẹ́ etí agolo kan sínú, mo tún un ṣẹ́, mo fi òòlù tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo fi àtàǹpàkò rá a, kò gé mi. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò tí kò bá ní ìṣẹ́tí kì í jáde nínú ìsọ̀ mi.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ nígbà tí òfin dé. Agolo gé ọmọ kan lẹ́sẹ̀, ọgbẹ́ náà sì wú, ni ìyá rẹ̀ bá sunkún lọ bá àwọn wolé-wolé. Wọ́n rò ó re: wọ́n ní ohun ìṣeré alágolo tí etí rẹ̀ bá mú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọdé. Ẹni tí wọ́n rán pé kó kéde rẹ̀ ló gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ó ń lu agogo kiri ọjà, ó ń pariwo pé, "Ohun ìṣeré alágolo tó bá létí, ẹ má tà á mọ́ o!"

Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà nísàlẹ̀ ọjà, tó ti yọ́ kọ́ ìṣẹ́tí lára iṣẹ́ mi. Nígbà tó gbọ́ ìkéde yìí, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé gbogbo ìṣẹ́tí mọ́tò rẹ̀ dànù kí wọ́n má baà "létí". Ó ní òun pa òfin mọ́! Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ó sì kó o síta fún títà. Ibẹ̀ ni wolé-wolé bá a.

Wolé-wolé yìí, ará Ìbàdàn ni, kò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan mọ́. Ó fòfin de gbogbo mọ́tò agolo pátá, èyí tó ní ìṣẹ́tí àti èyí tí kò ní. Ó kó tèmi náà lọ, ó sì ní, "Bàbá, bí mo bá tún rí ẹyọ kan tí ẹ ń tà, sísọ́ọ̀sì yín ni n ó gbé." Sísọ́ọ̀sì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí mo fi ń bọ́ ilé! Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní òfin kò mọ òwe.

Iléyá ọdún yẹn dé, kò sí mọ́tò lọ́jà àfi ti oníke tó ń ti Èkó wá, ọwọ́ wa ò sì tó o. Àwọn ọmọ ò kúkú jókòó. Wọ́n ń ṣa agolo lórí ààtàn, wọ́n ń fi ọ̀bẹ tí kò mú àti abẹ gé e fúnra wọn. Ọmọbìnrin mi, tí kò tíì kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́, kò sì tíì ju agolo náà sílẹ̀. Ọmọ èmi! Ó dùn mí wọ eegun. Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé láti ìgbà tí òfin ti dé ni ọgbẹ́ agolo ti pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn.

Mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ náà. Òfin ní a kò gbọdọ̀ tà. Kò ní a kò gbọdọ̀ kọ́ni. Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán, mo tẹ́ ẹní síwájú ìsọ̀, mo ní kí àwọn ọmọ àdúgbò kó agolo wọn wá. Ìyàwó mi fi àkísà ṣe é hàn wọ́n: ṣẹ́ ẹ, tún un ṣẹ́. Mo yọ sísọ́ọ̀sì bàbá mi fún wọn. A ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Jímọ̀-Jímọ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọmọ mi jinná, ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún ju tèmi lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ju tèmi lọ.

Wolé-wolé sì yọ sí wa. Ó wo mọ́tò tó wà nílẹ̀, ó wo sísọ́ọ̀sì, ó ní, "Ta ló ń ta ìwọ̀nyí?"

Ọmọ mi ló kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. A ò tà á. Uṣẹ́ mi ni."

Ó gbé mọ́tò náà, ó fi àtàǹpàkò rá etí rẹ̀ yípo. Ó tún un rá. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó yí táyà rẹ̀ wò, ó sì rọra wúkọ́.

"Mo ní ọmọkùnrin kan nílé," ó ní. "Èló ni?"

"Òfin ní a ò gbọdọ̀ tà á, sà," ni ọmọ mi wí. "Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kó wá ṣe tirẹ̀."

Orí mi wú. Wolé-wolé rọra gbé mọ́tò náà padà sílẹ̀, ó lọ láìfọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, ọmọ mi sì sún fún un lórí ẹní.