Ilé Ìfọṣọ Tó Wà Lórúkọ Ẹ̀gbọ́n

Ẹ má pè mí lólófòófó o, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá máa sọ̀rọ̀ àbúrò baálé mi obìnrin, èmi ló yẹ kó sọ ọ́, torí ojoojúmọ́ la jọ ń rí ara wa láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀, ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi níyàwó, nítorí náà "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" náà lòun fi ń dá mi lóhùn. Ẹni tó bá gbọ́ wa látìta á rò pé èrò pọ̀ nínú ilé. Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́, bó bá sì rẹ́rìn-ín, oníbàárà tó bínú wá á gbàgbé ohun tó bá wá.

Alágbàfọ̀ ni. Òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká ti mú ìyẹn kúrò ńlẹ̀. Ọpọ́n méjì àti áyọ́ọ̀nù ẹyọ kan ló fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìyá wọn. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, baálé mi fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀, ó ń bá a gba aṣọ káàkiri. Èmi náà ò pẹ́ dé ìdí áyọ́ọ̀nù. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, wọ́n ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, òórùn ọṣẹ ò sì kúrò lára wa mọ́, àní bí a bá múra ìnáwó.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín la rín lọ, ẹ̀rín la rín bọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ béèrè pé ta ló ni iṣẹ́. Eyínmẹ́nugún bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìdúró. Ṣé ẹ̀gbọ́n á wà níbẹ̀ kí àbúrò máa sọ pé òun ló ni ín? Ilé wo ni wọ́n ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn? Ló bá ní, "Bọ̀dá mi ni." Báyìí ni wọ́n ṣe kọ orúkọ baálé mi síwèé, orúkọ rẹ̀ nìkan. Ìwé ṣọ́ọ̀bù, tirẹ̀ ni. Ìwé ẹ̀rọ, tirẹ̀ ni. Gbogbo wa yin ọmọbìnrin náà pé ọmọlúàbí ni.

Ọdún gorí ọdún. Onífọ́tò kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tiwa, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló sì wà níwèé. Ẹ̀gbọ́n kú. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín tán, àwọn ọmọ olóògbé dé, wọ́n ní kí bàbá kékeré gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa lọ. Kò sí ohun tó lè fi hàn wọ́n. Eyínmẹ́nugún bá a gbé àga rẹ̀ jáde. Nígbà tó padà wọlé, ó dúró tì mí nídìí áyọ́ọ̀nù, ó ní, "Ìyàwó wa, mo fẹ́ lọ kọ́ òfin."

Mo ní, "Òfin wo? Ṣé adájọ́ lẹ fẹ́ dà ni?"

Ó ní rárá, òfin tó kan àwa oníṣẹ́ kékeré ni, pé lọ́yà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ́ àwọn èèyàn láràárọ̀ Sátidé lókè ilé òògùn tó wà ní kọ́nà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo bá a débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n lè mọ ohun tó ń sọ iṣẹ́ àárọ̀ Sátidé di tèmi nìkan. Yàrá kótópó kan ni, àga oníke, fáànù tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Káfíńtà wà níbẹ̀, oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀ tó ń sùn. Obìnrin lọ́yà náà ò pariwo. Ó kàn ń sọ ọ́ bọ̀: ohun tí oníṣẹ́ jẹ oníbàárà ní gbèsè, ohun tí onílé ò gbọdọ̀ ṣe fún ayálégbé, bí ẹni méjì ṣe ń jọ ni iṣẹ́. Ohun kan tó sọ lọ́jọ́ náà ò kúrò létí mi. Ó ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ lójú aráyé pé òun wà lára àwọn tó ni iṣẹ́, bí wàhálà bá dé, wọ́n á mú òun náà, orúkọ rẹ̀ ì báà má sí níwèé. Mo ní nínú mi pé, ó dáa, ká yáa panu mọ́.

Ẹ̀kọ́ náà wọ Eyínmẹ́nugún lára. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kí oníbàárà yẹ àpò aṣọ wò kó tó gbé e sílẹ̀. Bó bá ti rí mi nídìí iṣẹ́, ìbéèrè ni. "Ìyàwó wa, bí áyọ́ọ̀nù yín bá jó aṣọ dókítà, ta ni wọ́n máa mú?" Mo ní áyọ́ọ̀nù ni kí wọ́n mú, òun ló jó o. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ dókítà ló gbé e débẹ̀.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ níkẹyìn. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́, ó ní òun fẹ́ kí àwọn jọ ṣe ìwé àdéhùn, kí orúkọ òun náà lè wà nínú iṣẹ́.

Baálé mi ò pariwo, ìyẹn ló tún burú jù. Ó ní, "Láàárín èmi àti ẹni tá a jọ mu ọmú kan náà? Ṣé o rò pé mo fẹ́ jà ọ́ lólè ni, àbí o ti ń retí ikú mi?"

Láti ọjọ́ yẹn, kò bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà mọ́. Èmi ló sọ di rédíò. Ọmọbìnrin náà á dúró síwájú rẹ̀ gangan, baálé mi á ní fún mi pé, "Sọ fún lọ́yà pé aṣọ ti gbẹ." Mo sọ fún un pé ẹnu mi kì í ṣe wáyà. Wọ́n ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, ṣùgbọ́n àwa yìí, aṣọ sísá niṣẹ́ wa, kò sì sí oníbàárà tí kò mọ̀ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò rẹ́ mọ́. Eyínmẹ́nugún ń wá síṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sọ fún mi pé bí òun bá ní láti yan ọ̀kan nínú ẹ̀gbọ́n òun àti iṣẹ́ tóun fọwọ́ ara òun dá sílẹ̀, òun ò mọ èyí tóun máa yàn, ìyẹn ló sì ń pa òun.

Kí n má parọ́, inú mi dùn sí i pé baálé mi kọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un. Bí iṣẹ́ bá wà lórúkọ bàbá wọn, tiwọn ni lọ́la. Ta ní máa gba tọwọ́ ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn? Mi ò tọrọ gáfárà fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀rọ̀ kọ́tíìnì fi dé. Olótẹ́lì kan kó kọ́tíìnì funfun wá, ẹrù rẹpẹtẹ. Eyínmẹ́nugún ti lọ sí ẹ̀kọ́, ara mi ò sì yá, baálé mi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Inú ló ń bí i, ó kàn da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kò rí aṣọ tábìlì pupa kan tó wà láàárín rẹ̀. Nígbà tó máa ṣí i, gbogbo kọ́tíìnì ti pupa rẹ́súrẹ́sú. Baálé mi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

Olótẹ́lì padà wá pẹ̀lú lọ́yà tó wọ kóòtù dúdú. Lọ́yà yìí ti lọ wo ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, ó mọ orúkọ ẹni tó ń wá. Ó ní kí baálé mi ra tuntun dípò gbogbo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ilé ẹjọ́. Ó wá yíjú sí Eyínmẹ́nugún tó ń ká aṣọ nígun yàrá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ wà lára àwọn tó ni ibí?"

Baálé mi ló yára dáhùn. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ mi ni. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ohun tó ń ṣe yé mi. Ó ń fà á sẹ́yìn ara rẹ̀ kí òkúta má bà á. Ọ̀nà sì là fún ọmọbìnrin náà rekete: orúkọ rẹ̀ ò sí níwèé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sẹ́ ẹ, kó sáà ti dákẹ́. Mo ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

Ó gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Rárá, sà," ló wí. "Àwa méjèèjì la ni ín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ìwé ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ mi mọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ tú ẹrù náà wò."

Wọ́n tú u wò lóòótọ́. Èyí tí àwọ̀ ò tíì ràn dáadáa, Eyínmẹ́nugún ní àwọn máa fọ̀ ọ́ padà di funfun. Èyí tó ti bàjẹ́, àwọn máa ra òmíràn, díẹ̀díẹ̀. Olótẹ́lì wo ojú rẹ̀ títí, ó ní ó dáa.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, baálé mi bá a sọ̀rọ̀ láìlo rédíò. "Ṣé o mọ ohun tó o fẹnu ara rẹ sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá mi. Wọ́n kọ́ wa."

"Wọ́n lè torí ẹ̀ mú ẹ."

"Bí wọ́n bá mú yín, ṣé mo máa wá jókòó sílé?"

Ọkùnrin náà ní, "Mú ìwé rẹ wá, kí n fọwọ́ sí i."

Ẹ gbọ́ ohun tí Eyínmẹ́nugún sọ. Ó ní òun ò ní mú un wá. Ó ní ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fọwọ́ sí ìwé, pé lọ́la ó lè ní wàhálà ló mú òun ṣe é, òfin á sì dá a láre. Kí àwọn parí ti kọ́tíìnì ná, kí ọkàn ẹ̀gbọ́n òun balẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n da sítááṣì lé e lórí. Ohun tó ń wá látọjọ́ yìí bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ní kó dúró síta.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ́tíìnì parí, ẹ̀ẹ̀mejì ni baálé mi tún béèrè ìwé náà kí àbúrò rẹ̀ tó gbà. Ọjọ́ tá a lọ sọ́fíìsì lọ́yà tó kọ́ ọ, èmi ni mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí baálé mi wọ̀. Obìnrin náà bi í pé ṣé kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó ní, "Fipá kẹ̀? Èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ó wá ku ẹlẹ́rìí. Mo ti ń nawọ́ sí bírò nígbà tí Eyínmẹ́nugún ní kí wọ́n pe ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní yàrá iwájú.

Ó dùn mí wọra. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò gbé e mì. Mo ní ẹni tí kò mọ̀ wá rí ni yóò wá jẹ́ ẹlẹ́rìí wa, èmi tí mo ti ń jóná lẹ́nu áyọ́ọ̀nù láti ọjọ́ yìí wá dà bí àlejò.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín." Ó ní kí lọ́yà ka ibì kan fún mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá ṣaláìsí, ìpín rẹ̀ di tèmi àti tàwọn ọmọ mi, pé kò sí ará ilé wọn kankan, títí kan òun fúnra rẹ̀, tó lè lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Mo ní kí wọ́n tún un kà. Gbogbo ìgbà tí mo ń dá a rò pé wọ́n fẹ́ gba tọwọ́ àwọn ọmọ mi, mi ò bi ara mi léèrè rí pé kí ló wà lọ́wọ́ tèmi. Ọ̀pọ̀ ni mọ̀lẹ́bí baálé mi, ẹnu gbogbo wọn ò sì dùn. Ọmọbìnrin atẹ̀wé wọlé, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Èmi jókòó, mo ká ọwọ́ lé itan, torí ọ̀rọ̀ kàn mí.